Ọjọ́ Tí Mo Pe Màmá Sísítà Lórúkọ

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́. Mo ti mọ̀. Ìyàwó mi tó wà níbẹ̀ gan-an sọ pé bí kì í bá ṣe pé òun fojú ara òun rí i, òun ì bá ní mo tún ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jókòó dáadáa, kí n ròyìn bí èmi tí wọ́n kọ́ ní ìdọ̀bálẹ̀ kí n tó mọ ìrìn í rìn, ṣe dúró láàárín èrò nílùú Bìní yìí, tí mo pe ìyá tó dàgbà ju ìyá tó bí mi lọ ní orúkọ rẹ̀ gan-an. Mi ò fi Màmá ṣáájú. Mi ò fi Àǹtí ṣáájú. Mo kàn pè é ṣákálá, bí ẹni ń pe ọlọ́mi tútù!

Ọ̀rọ̀ ọsibítù ló sì fà á.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ ní Bìní, ẹ mọ ọsibítù tí mò ń wí. Mi ò ní dárúkọ ẹ̀, torí mi ò ní lọ́yà. Ọsibítù ńlá àtijọ́ ni, tí wọ́n kọ́ nígbà tí àwa àti àwọn ará ibí ṣì jọ wà lábẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, tó jẹ́ pé Ìbàdàn ni wọ́n ti máa ń fọwọ́ sí i kí wọ́n tó lè ra òwú tí wọ́n fi ń nu egbò. Nígbà yẹn, láti Ekenwan Road títí dé òdìkejì odò Ikpoba, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé aláìsàn lọ. Àwọn ará oko á ru ẹní àti ìkòkò wá, wọ́n á tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n á máa se ọbẹ̀ fún ẹni wọn tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Ilé kún. Ariwo wà. Àwọn èèyàn sì ń jí dìde lọ sílé.

Nígbà tó yá, wọ́n gé wa sọ́tọ̀, ọsibítù di ti Midwest. Wọ́n kun pátákó. Kò pẹ́, ó di ti Bendel. Wọ́n tún kun pátákó. Ó tún di ti Edo. Ẹ̀yin náà ẹ sọ ohun tí wọ́n ṣe! Òrùlé ń jò, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ya fọ́tò egungun ti dákẹ́, aláìsàn ń gbé àtùpà wá láti ilé, ṣùgbọ́n pátákó? Pátákó ń dán bí ojú ìyàwó tuntun! Ìjọba tó bá dé, kó tó béèrè pé ṣé omi wà, ọ̀dà ló máa kọ́kọ́ béèrè.

Nígbẹ̀yìn, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Wọ́n ní àwọn fẹ́ ṣe àtúnṣe ni. Ẹ̀yin ará, ọjọ́ tí ìjọba bá ti pe "àtúnṣe", ẹ tètè lọ gbé ẹrù yín o! Alángbá ló kọ́kọ́ gba bẹ́ẹ̀dì. Ewúrẹ́ tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà wọ́n wó ìdajì, wọ́n ní èyí tó dára jù ú lọ làwọn máa kọ́ síbẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ń páàkì mọ́tò sí dòní. Ìdajì tó kù, wọ́n sọ ọ́ di ọ́fíìsì. Ọ́fíìsì kí ni? Mo ti béèrè títí. Àwọn tó ń jókòó síbẹ̀ pàápàá ò rí i sọ.

Àfi láìpẹ́ yìí tí àwọn èèyàn ńlá kan kó ara wọn jọ, wọ́n pe ara wọn ní ìgbìmọ̀, wọ́n ní àwọn fẹ́ ṣe ìrántí ọsibítù náà. Ẹ gbọ́ mi yé o. Wọn ò ní àwọn fẹ́ ṣí i. Ìrántí! Ẹni tó pa àgbò jẹ, tó wá ń dárò àgbò, ọ̀rá ò tíì gbẹ lẹ́nu rẹ̀!

Wọ́n ní àwọn máa gbé òkúta mábù sára ògiri tó kù, kí wọ́n kọ orúkọ àwọn tó sìn níbẹ̀ sí i. Kí ìjà má bàa ṣẹlẹ̀, ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan tó wà ní Bìní máa mú ẹnì kan ṣoṣo wá. Ìlà kan fún ẹ̀yà kan. Wọ́n ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ àwa ọmọ Yorùbá náà.

Gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Ekenwan Road la ti ń ṣèpàdé. Àwọn Mùsùlùmí wa náà ń wá síbẹ̀, torí ibẹ̀ ni fáànù wà. Alága wa jẹ́ olóyè. Oyè rẹ̀ pọ̀ débi pé bí akọ̀wé bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í kí i, ẹ lè jáde lọ gba ìpè tán kí ẹ tó padà wọlé.

Alága ní ta la máa fi sílẹ̀. Gbogbo ilé dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà: Màmá Sísítà! Kò sí àríyànjiyàn. Ẹ ò mọ bó ṣe ṣọ̀wọ́n tó kí Yorùbá mẹ́ta fẹnu kò láìjẹ́ pé oúnjẹ ti dé.

Ta ni Màmá Sísítà? Nọ́ọ̀sì ni. Ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ tísà ló mú un ti ilẹ̀ Ìjẹ̀bú wá sí Bìní nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì ń dán. Ó wọ ọsibítù yẹn bí ọmọdé nọ́ọ̀sì, ó sì dàgbà níbẹ̀ títí ó fi di ẹni tó ń ṣàkóso wọ́ọ̀dù, èyí tí wọ́n máa ń pè ní Sister. Òun ló gba ẹ̀bí àwọn ọmọ wa. Òun ló gún àwa náà lábẹ́rẹ́. Ìdí mi ṣì ń rántí ọwọ́ rẹ̀! Ó ti fẹ̀yìn tì tipẹ́, ó ń gbé ní Ikpoba Hill pẹ̀lú ọmọ ọmọ rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń falẹ̀ díẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ò falẹ̀ rárá.

"Ó dáa," Alága wí. "Akọ̀wé, máa kọ ọ́ sílẹ̀. Kí lorúkọ wọn?"

A bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú ara wa.

"Màmá Sísítà," ẹnì kan tún sọ láti ẹ̀yìn.

"Mo gbọ́. Orúkọ wọn gan-an ńkọ́?"

Ìyá Ràṣídà, tó ń ta aṣọ ní ọjà, ní Ìyá Bọ́dé ni. Alága ní ṣé Bọ́dé ló ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni? Ẹlòmíràn ní Ìyá Ìjọ. Alága ní oyè ṣọ́ọ̀ṣì nìyẹn. Bàbá kan tó ti ń sùn jí, ó ní ìyá òun máa ń pè wọ́n ní Eyínfúnjowó.

"Ká wá gbẹ́ Eyínfúnjowó sára mábù!" Alága fi ọwọ́ lé orí.

Ẹ wò ó! Kò sí ẹnì kan nínú gbọ̀ngàn yẹn tí ìyá yìí ò tíì rí ìdí rẹ̀. Kò sì sí ẹnì kan tó mọ orúkọ ìyá náà! Ṣé ẹ bá wa wí? Ta ní ń pe àgbà lórúkọ? Orúkọ àgbà dà bí ìhòòhò àgbà: a mọ̀ pé ó wà, a kì í wò ó.

Èmi ni mo wá ṣe àṣìṣe. Mo ní: ṣebí wọ́n ṣì wà láàyè, kí ló dé tá ò lọ bi wọ́n? Gbogbo ojú yí sí mi bí ẹni pé mo tú ṣòkòtò.

"Tísà," Alága wí (tísà lèmi náà, jọ́gíráfì ni mò ń kọ́ wọn), "ìwọ lo sọ ọ́, ìwọ lo máa lọ. Ṣùgbọ́n o ò gbọdọ̀ bi wọ́n o! Ṣé o fẹ́ kí wọ́n ní a ò rí ilé kọ́ ẹ ni? Fọgbọ́n ṣe é."

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo fọgbọ́n ṣe é.

Mo gun òkè Ikpoba lọ. Isoken, ọmọ ọmọ Màmá tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Bìní, ló jókòó sí fàráńdà, ó ń ránṣọ. Ọmọbìnrin yìí gbọ́ Yorùbá délẹ̀délẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi Yorùbá bá a sọ̀rọ̀, Pidgin ló máa fi dá yín lóhùn. Mo ní ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó rọ̀. Mo rẹ ohùn sílẹ̀, mo ní kí lorúkọ Grandma.

"Uncle, which kain question be that? Na Grandma."

Mo ní orúkọ tí bàbá wọn sọ wọ́n.

Isoken dá máṣíìnì dúró. "You know say I never ask?"

Mo ní kó wo fóònù rẹ̀. Ó wò ó. "Grandma" ló kọ síbẹ̀, ó ya ọkàn pupa sí i.

Mo wọlé, mo dọ̀bálẹ̀, Màmá ní kí n dìde. Mo ní Màmá, ó pẹ́ tí mo ti gbọ́ oríkì yín, ẹ ki ara yín díẹ̀ kí n gbádùn. Màmá jókòó dáadáa, ó ki oríkì ìdílé ọkọ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó ki ẹṣin, ó ki ẹni tó gun ẹṣin. Tiẹ̀ ńkọ́? Kò kan ibẹ̀!

Mo tún ọgbọ́n dá. Mo ní ẹgbẹ́ fẹ́ gbàdúrà fún àwọn àgbà wa, orúkọ wo ni ká fi gba tiwọn.

"Ọlọ́run mọ̀ mí," ni Màmá wí.

Mo wá yọ ìyẹn tí mo rò pé ó kẹ́yìn gbogbo ọgbọ́n. Mo ní ìbátan mi kan ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ọmọ obìnrin, wọ́n fẹ́ràn Màmá gan-an, wọ́n fẹ́ fi orúkọ Màmá sọ ọmọ náà.

"Kí wọ́n sọ ọ́ ní Sísítà." Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀, bí ìgbà tó ń wá ibi tó máa gún lábẹ́rẹ́. "Tísà, ìbátan rẹ wo ló bímọ? Ìgbà wo ló lóyún? Gbé irọ́ yẹn sílẹ̀ kí o tó bì. Kí ló gbé ẹ gun òkè wá?"

Kí ni mo fẹ́ ṣe? Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀: ìgbìmọ̀, mábù, ìlà kan fún ẹ̀yà kan, Eyínfúnjowó. Màmá rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Lẹ́yìn náà, ojú rẹ̀ yí.

"Ìrántí wo? Wọ́n pa á tán, wọ́n wá ń ṣe òkú rẹ̀? Nígbà tí a ní kí wọ́n ra katíńnì sí yàrá ìgbẹ̀bí, kí ìta má máa rí ìhòòhò aboyún, wọ́n ní owó ò sí. Ìyá ọmọ ló ń bọ́ ìró tiẹ̀, tí à ń ta dípò rẹ̀. Òní ni wọ́n wá rówó mábù?"

Ó sọ ìtàn fún mi lọ́jọ́ yẹn, tí kò sí nínú ìwé kankan. Ó sọ bí omi ṣe máa ń dá, tí àwọn nọ́ọ̀sì á tò láti wọ́ọ̀dù dé ibi kànga, tí wọ́n á máa na garawa sí ara wọn, tí wọ́n á sì máa kọrin kí oorun má bàa gbé wọn. Ó sọ bí dókítà tuntun kan ṣe rí ẹ̀jẹ̀, tó sì dákú, tí aboyún tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì fi ń bi í pé dókítà, ṣé kò sí o? Ó sọ nípa Adesuwa, ọmọ Bìní láti àdúgbò Ogbe, nọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn méjèèjì jọ ṣe iṣẹ́ òru fún ọdún tí wọn ò kà mọ́.

"Nígbà tí mo wọ ilé ọkọ," ó ní, "Ìyàwó ni wọ́n ń pè mí. Mo bímọ, mo di Ìyá Bọ́dé. Mo dé ọsibítù, Sister. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, Ìyá Ìjọ. Adesuwa nìkan ló ń pè mí ní orúkọ mi. Òun kì í ṣe Yorùbá, kò mọ̀ pé èèwọ̀ ni. Láti ìpẹ̀kun wọ́ọ̀dù ló ti máa ń lọgun rẹ̀, kó dé ẹnubodè! Ọjọ́ tí wọ́n ti ilẹ̀kùn ọsibítù, àwa méjèèjì dúró síta, à ń wo kọ́kọ́rọ́. Ó pè mí lórúkọ, ó ní jẹ́ ká máa lọlé. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ló kú. Láti ọjọ́ náà, Tísà, kò sẹ́ni tó pè mí mọ́."

Máṣíìnì Isoken ń dún níta.

Mo kúnlẹ̀, mo ní: "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kí lorúkọ yín?"

"Àbí o rí i pé ó rọrùn?" Ó tẹ̀ síwájú. "Morẹ́nikẹ́. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Má fi nǹkan kan ṣáájú rẹ̀, kì í ṣe Màmá, kì í ṣe Sister. Mo fẹ́ fi ojú ara mi kà á lára ògiri yẹn kí n tó kú. Mi ò fẹ́ nǹkan mìíràn lọ́wọ́ wọn."

Mo sáré sọ̀ kalẹ̀ lọ bá Alága ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Mo rò pé inú rẹ̀ máa dùn. Ó fajú ro.

"Morẹ́nikẹ́? Lásán báyìí? Ṣé ẹgbẹ́ rẹ ni? Kí àwọn ọmọ Bìní kà á, kí wọ́n ní Yorùbá ò mọ àgbà?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni Màmá ṣe fẹ́ ẹ o. Ó ní Màmá kàn ń rẹ ara wọn sílẹ̀ ni, pé ìwà àgbà nìyẹn, pé ọmọ tó gbọ́n kì í gbà á bẹ́ẹ̀. Ó ní kí n fi í sílẹ̀ fún òun, òun máa bójú tó o. Ẹ̀yin ará, bí olóyè bá ní òun máa bójú tó nǹkan, ẹ máa wá omi ẹkún sílẹ̀.

Ọjọ́ ìrántí pé. Wọ́n ta kánọ́pì sí ibi tí yàrá ìgbẹ̀bí wà tẹ́lẹ̀, láàárín àwọn mọ́tò. Èmi àti ìyàwó mi jókòó sí ẹ̀yìn Màmá. Ó wọ funfun. Ó fi bẹ́líìtì nọ́ọ̀sì rẹ̀ àtijọ́ di ìbàdí, èyí tó ní irin fàdákà níwájú. Ó ti tóbi jù fún un, Isoken ló fi píìnì mú un.

Wọ́n pín ìwé pélébé tí wọ́n pè ní ìtàn ọsibítù. Mo ṣí i. Fọ́tò alága ìgbìmọ̀ ló wà lójú ewé àkọ́kọ́. Mo ṣí ìkejì, òun náà ni, ó ti pààrọ̀ fìlà. Fọ́tò ọsibítù wà lẹ́yìn pátápátá, ó kéré bí sítáǹbù. Níbi tó yẹ kí wọ́n ti sọ ohun tó pa á, wọ́n kọ ọ́ pé ọsibítù náà "transited". Transited! Bí ẹni pé ó wọ mọ́tò lọ sí Sapele!

Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ ń bọ́ síta lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn ni wọ́n bí síbẹ̀! Ọkùnrin kan tí a mọ̀ dájú pé Kano ni wọ́n bí i sí, ó ń sunkún lórí máìkì pé ibẹ̀ ni ìyá òun ti rọbí òun. Oòrùn ń ta. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń to àga wá ṣubú lulẹ̀ gbì! MC gba máìkì, ó ń pariwo pé ṣé dókítà wà láàárín wa. Níbi ìrántí ọsibítù! Kò sí dókítà. Kò sí pánádó. Wọ́n gbé e sínú kéké, kéké gbé e lọ sí kílíníìkì aládàáni (ó jí o, ẹ má bẹ̀rù). MC ní ká pàtẹ́wọ́ fún oníkéké. A sì pàtẹ́wọ́!

Màmá yínmú. "Ibi tó ṣubú sí yẹn, bẹ́ẹ̀dì ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀."

Wọ́n wá ṣí aṣọ lójú mábù. Mo na ọrùn. Ọmọ Bìní kan: orúkọ rẹ̀ àti orúkọ bàbá rẹ̀, ó tán. Urhobo kan: bẹ́ẹ̀. Ìgbò kan: bẹ́ẹ̀. Ó wá kan tiwa. Ìlà tiwa bẹ̀rẹ̀ láti etí òkúta, ó sì dé etí kejì:

HIGH CHIEF (MRS) DEACONESS MAMA SISITA, IYA IJO, IYA EGBE OMO YORUBA, M.

M! Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ rí nǹkan?

Màmá dìde, ó rìn dé ibi ògiri, ó fi awò sójú. Ó ń fi ìka tọ̀ ọ́, ètè rẹ̀ ń mì. Ó dé ìparí, ó padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ó tún tọ̀ ọ́ lọ, bí ẹni tó sọ owó ẹyọ nù sójú ọ̀nà.

"Olóyè," ó ní, "ta ni M?"

"Ẹ̀yin ni, Màmá wa!" Alága ti wà nílẹ̀ pẹ̀lú agbádá. "Àyè ló tán. Oníṣẹ́ òkúta ní lẹ́tà ò gbà mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí a ṣe bu ọlá fún yín! Kò sí ẹ̀yà tí ìlà tiwọn gùn tó tiwa!"

Gígùn ìlà ló fi ń yangàn!

Màmá ò bínú. Ì bá sàn ká ní ó bínú. Ó yọ awò rẹ̀, ó fi etí aṣọ nù ún, ó fi sápò.

"Isoken, jẹ́ ká máa lọlé. Wọn ò kọ mí síbẹ̀."

Ó yí ẹ̀yìn padà, ó ń lọ láàárín àwọn mọ́tò. Alága dìde, ó ń sáré tẹ̀ lé e: "Màmá! Màmá Sísítà! Ìyá Ìjọ! Ẹ jọ̀ọ́!" Gbogbo ẹgbẹ́ bá a gbè é. Màmá ò wẹ̀yìn. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé géètì.

Mi ò mọ ohun tó gùn mí. Mo kàn rí i pé mo ti dìde lórí àga.

"Morẹ́nikẹ́!"

Ìyá Ràṣídà fi ọwọ́ bo ẹnu. Alága wò mí bí ẹni tó rí àna rẹ̀ ní ìhòòhò lọ́jà. Ìyàwó mi fa etí aṣọ mi láti ìsàlẹ̀.

Màmá dúró. Ó yí padà díẹ̀díẹ̀.

"Ta ló ń pè mí?"

"Èmi... èmi ni, Màmá."

"Tún un pè."

Mo tún un pè. Ohùn mi ti kéré bí ti ẹ̀fọn.

"Ṣé ebi ń pa ẹ́ ni? Wọ́ọ̀dù ńlá ni ibí yìí! Ta ló máa gbọ́ ìyẹn?"

Mo fa èémí. Mo fi gbogbo àyà mi pè é, alángbá tó wà lára ògiri ọ́fíìsì sá lọ. Màmá gbé orí sókè. Ẹ̀yin èèyàn, ìyá arúgbó yìí dáhùn pẹ̀lú ohùn ọmọdébìnrin tí iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀:

"Oooo! Mo wà níbí o!"

Isoken ń wo ojú rẹ̀. "Grandma! Na your name be that?"

"Na me get am."

"E fine o! Morenike!"

"Ìwọ!" Màmá gbé ọwọ́ sókè. "Ṣé ẹgbẹ́ rẹ ni mí? I go slap that your mouth!"

Ẹ̀rín pa gbogbo wa, àti Bìní àti Yorùbá. Alága nìkan ni kò rín. Ó ní òun máa pe oníṣẹ́ òkúta padà, pé wọ́n lè gbẹ́ òkúta kékeré mìíràn sí ẹ̀gbẹ́. Màmá juwọ́ sí i.

"Olóyè, fi òkúta rẹ sílẹ̀. Wọ́n á wó òun náà. Ẹ ti pè mí, mo sì ti jẹ́."

Ó di ọwọ́ Isoken mú, wọ́n wọ kéké, wọ́n gun òkè wọn lọ.

Kí lẹ rò pé ẹgbẹ́ ṣe fún mi? Wọ́n ní mo ti dójú ti Yorùbá. Wọ́n dá mi dúró ní ìpàdé, títí màá fi kó àwọn àgbà dání wá tọrọ àforíjì. Mo ní ọwọ́ ta ni kí n ti tọrọ rẹ̀, ṣebí Màmá fúnra wọn dáhùn? Wọ́n ní ọwọ́ Alága! Kí ló wá kan Alága nínú orúkọ olórúkọ?

Èyí tí mo rí kọ́ nìyí. A lè bọ̀wọ̀ fún nǹkan títí tí a ò fi ní mọ̀ ọ́n mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kun pátákó ọsibítù yẹn títí tó fi kú lẹ́yìn pátákó. Bẹ́ẹ̀ ni àwa náà ṣe kó oyè lé obìnrin kan lórí títí àyè fi tán fún un lára òkúta. Èmi ò ní kí ẹ máa pe àgbà lórúkọ ṣákálá o, ẹ má lọ gba ìfọ́tí kí ẹ ní èmi ni mo rán yín! Mo kàn ní kí ẹ béèrè. Ìyá ìyá yín, ìyá bàbá yín, ìyá tó gba ẹ̀bí yín: kí lorúkọ wọn? Ẹ kọ ọ́ sábẹ́ ọ̀rọ̀ mi yìí, kí ẹ má fi Alhaja tàbí Deaconess kankan sí i. Kí ẹ sì sọ fún wa, ọsibítù àtijọ́ tó wà nílùú tiyín ńkọ́? Ṣé ó ṣì wà, àbí wọ́n ti ń páàkì mọ́tò sí i?

Ó ku èyí tó ṣẹlẹ̀ sí mi láàárọ̀ ọjọ́ kejì ìrántí náà. Mo wà lórí bẹ́ẹ̀dì, mò ń ro bí mo ṣe jẹ́ akọni, nígbà tí ohùn kan ta láti kíṣìnì:

"Ládipọ̀!"

Mo fò dìde. Mo rò pé ẹ̀gbọ́n mi àgbà ló ti Abẹ́òkúta dé. Mo sáré wẹ ojú, mo wọ ṣòkòtò, mo jáde. Kò sí ẹnì kankan, àfi ìyàwó mi pẹ̀lú omorogùn lọ́wọ́.

"Ta ló pè mí?"

"Èmi ni. Ládipọ̀, ògì yín ti ń tutù o."

Ẹ̀jẹ̀ mi ru! Èmi? Nínú ilé mi? Mo ní ṣé orí rẹ̀ pé, ta ló ń pè bẹ́ẹ̀?

"Ẹ̀yin ni," ó ní, jẹ́jẹ́. "Àbí orúkọ yín kọ́?"

Kò sì lọ. Ó dúró síbẹ̀, ó ń fi omorogùn lu etí ìkòkò, ó ń wò mí, mo sì mọ ohun tó ń dúró dè. Òun náà ní orúkọ. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Nígbà tí mo ń fẹ́ ẹ, mo máa ń fi í kọrin láti ọ̀nà jíjìn. Mo la ẹnu. Mo fẹ́ pè é, Ọlọ́run gbọ́. Ahọ́n mi kàn dúró bí mọ́tò tí bátìrì rẹ̀ kú.

"O ṣé o, Ìyá Tólú," ni mo wí.

Ó pòṣé, ó sì padà sí kíṣìnì.